Ẹsẹ̀ Òsì Hameedah

Nínú irú ìjàkadì tí Hameedah ń jà, ẹsẹ̀ kò léèwọ̀. Fíríìsitáìlì ni wọ́n ń pè é. Èèyàn lè di ọrùn mú, ó lè di apá tàbí ìbàdí mú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn ń wá, nítorí ẹni tí wọ́n bá ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní ohun tó máa fi dúró mọ́. Ọwọ́ ló ń di ẹsẹ̀ mú, èjìká tí wọ́n bá gbé lé e ló ń dá èèyàn dùbúlẹ̀. Kóòṣì Ernest ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún un, nígbà tó ṣì ń wọ aṣọ ilé-ìwé girama, nínú gbọ̀ngàn kan ní Festac tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Wọ́n to fóòmù àtijọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n na tàpólì lé e lórí, wọ́n sì ń pè é ní máàtì.

Ọmọ Amúwo ni Hameedah. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé sí lágbègbè náà, ọwọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀ ló wà kí ìjọba tó gbà á. Múrítàlá baba rẹ̀ ń ta èyí tó ṣẹ́ kù díẹ̀díẹ̀, títí ilẹ̀ fi tán, tí òun náà sì bá a lọ. Ṣẹ̀fíátù ìyá rẹ̀ kò dúró wo ilẹ̀. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù gáàsì sí òdìkejì Raji Rasaki Estate, àwọn oníbàárà sì sọ ọ́ di Ìyá Gáàsì. Orí òṣùwọ̀n tó fi ń wọn sílíńdà ni ọmọbìnrin rẹ̀ ti ń wọn ara rẹ̀ láti ìgbà tí ìjàkadì ti wọ̀ ọ́ lára, nítorí pé kílò mẹ́tàléláàádọ́ta ni ìpele tó ń jà sí, kò sì gbọdọ̀ fi omi ife kan kọjá a.

"Sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀," ìyá rẹ̀ á wí. "Kò sẹ́ni tó fẹ́ rà ọ́."

"Màmá, ó ku díẹ̀ kó péye."

"Díẹ̀ wo? Eegun nìkan ló wà níbẹ̀, èmi ò sì ta eegun."

Bí ìdíje bá ti ń sún mọ́lé, Hameedah á wọ ọ̀rá dúdú sábẹ́ aṣọ, á máa sáré láti Raji Rasaki wọ Festac nínú oòrùn, kò ní mu omi, á máa tu itọ́ sínú ike títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà tó wà níkòríta á máa pè é pé, "Sísítà, ta ló ń lé ẹ?" Kì í dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ sísọ náà ń jẹ omi.

Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tó kọ́kọ́ wọ bàálù. Àlùjẹ́ríà ni wọ́n lọ. Ìjà méjì ló jà níbẹ̀, wọ́n sì dá a dùbúlẹ̀ nínú méjèèjì. Ó padà wálé tòun ti ojú kan tó wú bo.

Ìyá rẹ̀ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó wò ó. "Ṣé wọ́n lù ọ́ ni, àbí ẹ jọ jà?"

"A jọ jà ni, Màmá."

"Ojú tiẹ̀ náà wú?"

Hameedah ronú díẹ̀. "Kò wú."

"Ẹ ò jọ jà nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e padà sórí máàtì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àmì-ẹ̀yẹ idẹ wá láti Tùnísíà, fàdákà tẹ̀lé e láti Mòrókò. Ó jà ní Túkì, ó jà ní Hùngárì, ó jà láwọn ìlú tó jẹ́ pé inú gbọ̀ngàn àti yàrá òtẹ́ẹ̀lì nìkan ló mọ̀ níbẹ̀. Etí rẹ̀ méjèèjì ká jọ bí ewé tí iná rà. Ìka ọwọ́ rẹ̀ méjì kò ṣeé nà tán mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ kàwé lọ sílé ọkọ, wọ́n bímọ, wọ́n kó lọ. Òun ń di báàgì, òun ń tú báàgì. Ibì kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì dé, torí ibẹ̀ ló sì fi ń jí láràárọ̀: Òlíńpíìkì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti sún mọ́ ọn, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì ku ìjà kan péré kó wọlé. Nígbà tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó mọ̀ pé èyí tó ń bọ̀ ni ìkẹyìn fóun. Ara òun kò ní gba òmíràn.

Orúnkún òsì ló wá fẹ́ dí i lọ́nà. Póláńdì ló ti ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin Swídìn kan fi gbogbo ara wó lé ẹsẹ̀ náà nígbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, Hameedah sì gbọ́ ìró kan nínú ara rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi tútù. Ó parí ìjà náà bẹ́ẹ̀, ó gba idẹ. Fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti ń gbà á ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù gáàsì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló fi dúró nínú fọ́tò náà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ kò lè rí i.

Dókítà egungun tó wò ó nílé kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. "Iṣan tó so itan mọ́ ojúgun ló ya. Kò tíì já. Bí o bá fún un láyè, ó lè san. Bí wọ́n bá tún lọ́ ọ kó tó san, á já, ìjàkadì tìẹ sì parí nìyẹn."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti san, Dókítà?"

"Padà wá ká tún fi ẹ̀rọ wò ó."

Hameedah kò padà lọ. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Ohun tí ẹ̀rọ náà lè sọ ló ń bà á lẹ́rù. Ó ní máàtì ló máa sọ fóun.

Lórí máàtì Kóòṣì Ernest, aṣọ pupa ni òfin. Ọmọ Báyélsà ni kóòṣì yìí, ó ti pẹ́ ní Festac débi pé Yorùbá ló fi ń ka iye ìgbà tí wọ́n bá dá èèyàn dùbúlẹ̀. Òun ló mú òfin náà wá. Ẹni tó bá fara pa á so àkísà pupa mọ́ ibi tó ń dùn ún, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀. Kóòṣì kì í tú u, dókítà kì í tú u. Ẹni tó so ó ló ń tú u fúnra rẹ̀, lójú gbogbo èèyàn, lọ́jọ́ tó bá dá a lójú pé ara òun ti le. Láti ọjọ́ náà lọ, wọ́n á máa bá a jà láìsí àánú.

Ẹni tó ń bá Hameedah jà lójoojúmọ́ ni Ọlámipọ̀. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni àwọn òbí Ọlámipọ̀ ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ilé ìjọba tí wọ́n rà ní Festac ni wọ́n sì ń gbé. Ó fi ọdún mẹ́ta kéré sí Hameedah. Kílò kan náà ni wọ́n ń jà sí. Ẹnì kan ṣoṣo ni orílẹ̀-èdè sì ń mú láti ìpele kọ̀ọ̀kan, nítorí náà gbogbo ìrìn àjò tí Hameedah lọ, ìrìn àjò tí Ọlámipọ̀ kò lọ ni. Ọlámipọ̀ kò tìtorí ẹ̀ bínú sí i. Ó ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀ kí wọ́n tó gbá ara wọn mú, bí wọ́n bá sì ti gbá ara wọn mú tán, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ti jẹ ẹ̀bà."

"Ta ló jẹ ẹ̀bà? Omi ni mo mu."

"Omi wo ló ń wúwo báyìí? Omi tí wọ́n fi ẹja sí?"

"Bí mo bá dá ẹ dùbúlẹ̀, wàá mọ̀ bóyá omi ni."

Láti ìgbà tí Hameedah ti dé láti Póláńdì ni àkísà pupa ti wà ní orúnkún rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró láàárín máàtì, ó bẹ̀rẹ̀, ó tú u. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Kóòṣì, tó máa ń gé orúkọ Hameedah kúrú, ní, "Mídà, ṣé o ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa?" Ó ní, "Ó ti yá, Kóòṣì." Òfin sì ni òfin. Kóòṣì kò bi í lẹ́ẹ̀kejì.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé láti ọjọ́ náà, Ọlámipọ̀ kò rí ẹsẹ̀ òsì náà mú. Bó bá bẹ̀rẹ̀ wọlé láti gba ẹsẹ̀, ọ̀tún ló ń lọ. Bó bá sún mọ́ òsì, á pẹ́ jù, Hameedah á ti gbé e kúrò. Hameedah sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé ìsinmi yẹn ṣe òun lóore.

"Kí ló dé tó o fi ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn bí akàn?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Àárẹ̀ lásán ni, Màmá."

"Akàn tó bá ti rẹ̀ ni mò ń sọ."

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n lọ ja ìjà àṣàyàn, níbi tí wọ́n ti máa mú ẹni tó ń lọ jà fún ààyè Òlíńpíìkì, nígbà tí ọkàn Hameedah kọ́kọ́ mì. Nígbà tí àwọn yòókù ń kó bàtà wọn, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú Ọlámipọ̀. "Fà á."

"Kí n fà á báwo, Ẹ̀gbọ́n?"

"Bí wọ́n ṣe ń fa ẹsẹ̀. Fà á wò."

Ọlámipọ̀ kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orúnkún náà mú, ó fà á. Ooru díẹ̀ ló gba inú rẹ̀ kọjá. Ọlámipọ̀ gbójú sókè. "Ṣé ó dùn yín?"

"Kò dùn mí." Hameedah rẹ́rìn-ín. "O rí i? Ó ti yá."

Ọlámipọ̀ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì lọ wá bàtà rẹ̀.

Sùúrùlérè ni wọ́n ti ja ìjà àṣàyàn náà. Ó ti hàn tẹ́lẹ̀ pé àwọn méjèèjì ló máa kù, àwọn náà ló sì kù. Hameedah fi póíǹtì kan ṣáájú nígbà tí àkókò fẹ́ tán. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ òsì yọ́ síwájú láìjẹ́ pé ó rán an níṣẹ́, ó sì dúró síbẹ̀ gbangba. Ọ̀kan nínú àwọn èèyàn tó ń wòran pariwo pé, "Ẹsẹ̀ rèé, gbá a mú." Ọwọ́ Ọlámipọ̀ ti wà níbẹ̀. Hameedah mọ ọwọ́ náà lẹ́yìn orúnkún, ó mọ bí ìka márùn-ún ṣe tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìka ọ̀hún ṣí, ọwọ́ náà sì yọ lọ síbi ẹsẹ̀ ọ̀tún tí kò sí níbi tó ti ń wá a. Fèrè dún. Rẹfirí gbé apá Hameedah sókè.

Ó dì mọ́ ọmọbìnrin náà lọ́rùn. "Ọwọ́ ẹ wúwo, àbúrò."

Ọlámipọ̀ fi aṣọ nu ojú, ó pẹ́ kó tó gbé aṣọ náà kúrò. "Ẹ máa lọ, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ bá wa mú un wá."

Tùnísíà ni wọ́n ti ń jà fún ààyè Òlíńpíìkì. Ẹni méjì ló ń yege nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, àwọn méjì tó bá sì jà dé òpin ni. Ohun tí Hameedah ní láti ṣe kò ju kó borí ìjà méjì lọ. Ó borí àkọ́kọ́ láì làágùn púpọ̀, ẹni náà kò tilẹ̀ ráyè dé ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìkejì, ọmọ Íjíbítì kan ni wọ́n mú wá, ọmọdé tí irun rẹ̀ pupa díẹ̀, tí kì í wo èèyàn lójú. Hameedah fi póíǹtì mẹ́rin ṣáájú rẹ̀. Kóòṣì Ernest ń sọ fún un láti ẹ̀gbẹ́ máàtì pé kó máa rọra, kó máa rọra, pé àkókò ń lọ.

Ọmọ Íjíbítì náà wọlé láti ìsàlẹ̀. Kò lọ síbi ọ̀tún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orúnkún òsì mú, ó sì gbé èjìká lé e.

Èjìká náà ni Hameedah kọ́kọ́ mọ̀. Kí ìrora tó dé, kí ìró igi tútù tó tún dún nínú rẹ̀, ó ti mọ̀ pé láti ọjọ́ tóun ti tú aṣọ pupa, kò tíì sí èjìká ẹnikẹ́ni tó kan ibẹ̀. Ọwọ́ ti kàn án, ṣùgbọ́n èjìká kò kàn án rí. Nígbà náà ni ẹsẹ̀ náà yí lọ síbi tí ẹsẹ̀ kì í yí lọ, ó sì rí iná gbọ̀ngàn lókè orí rẹ̀. Rẹfirí ń fọwọ́ pe dókítà. Kóòṣì Ernest bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di orí rẹ̀ mú, èdè àbínibí rẹ̀ ló ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Orí àga onítáyà ni wọ́n fi gbé e jáde ní pápákọ̀ òfúrufú ní Èkó. Ìyá rẹ̀ dúró níwájú àwọn tó wá pàdé èèyàn, ó wo ẹsẹ̀ náà. Kò bi í bóyá wọ́n jọ jà. Ó gba àga lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ń tì í, ó sì ń tì í fúnra rẹ̀.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Dókítà ní ó máa rìn, kó má ronú ju ìyẹn lọ. Ó ń rìn, tòun ti irin tí wọ́n fi bẹ́líìtì dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti itan dé ojúgun. Ó di ẹni tó ń jókòó sídìí òṣùwọ̀n ìyá rẹ̀, nítorí Ìyá Gáàsì náà ti ń darúgbó, ojú rẹ̀ kò sì rí nọ́ńbà dáadáa mọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò gun òṣùwọ̀n náà mọ́. Ọlámipọ̀ kò wá kí i. Láàárín gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ibòmíràn ló ti ń ra gáàsì, Hameedah sì ń tọ́jú ìbínú rẹ̀ pamọ́ dè é. Ìka márùn-ún tó ṣí yẹn ló ń rí bó bá dijú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní àkókò òjò, ọmọbìnrin náà wọlé, ó gbé sílíńdà òfìfo lọ́wọ́. Ó ti sanra díẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tútù.

"Ẹ káàsán, Ẹ̀gbọ́n."

"Kílò mélòó?" Hameedah bi í, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Mẹ́fà."

Hameedah gbé sílíńdà náà sórí òṣùwọ̀n, ó so rọ́bà gáàsì mọ́ ọn. Kò ṣí gáàsì sí i. "Kóòṣì ní o ò wá sórí máàtì mọ́."

"Mi ò lọ mọ́."

"Ìwọ ló kàn. Kò sí ẹlòmíràn ní kílò wa."

"Mo lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ̀ tí mo bá dì mú, ọwọ́ mi á kàn ṣí ni. Kóòṣì ní bóyá ebi ló ń pa mí."

Ó fẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ní Sùúrùlérè," Hameedah ní, "ọwọ́ ẹ dé ibẹ̀."

"Ó dé ibẹ̀."

"O sì yọ ọ́."

"Mo yọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Ìṣojú ẹ ni mo ti tú aṣọ pupa."

"Mo rí i. Mo tún rí bí ẹ ṣe ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn." Ọlámipọ̀ ń wo ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́. Mo fẹ́ gbá a mú láìmọye ìgbà, ọwọ́ mi kì í gbà. Mo sì rò pé ẹ mọ̀. Mo rò pé àwa méjèèjì la jọ mọ̀, pé ẹ ò kàn fẹ́ kí Kóòṣì gbọ́ ni. Ọjọ́ tí ẹ ní kí n fà á, ọwọ́ lásán ni mo fi fà á, ẹ sì rẹ́rìn-ín, ẹ ní ó ti yá."

Hameedah fẹ́ kí ìbínú tóun ti tọ́jú jáde. Ó wá a, kò rí i níbi tó fi í sí. Ọjọ́ yẹn ló rí dípò rẹ̀: ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn orúnkún, èjìká tó jìnnà réré. Ẹni tó ti ń ja ìjàkadì láti ìgbà èwe kò lè ṣàìmọ̀ bí wọn ò bá gbé èjìká lé òun. Ara rẹ̀ mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín yẹn ló fi bò ó.

"Ká ní o dì í mú níjọ́ náà ńkọ́?"

"Sùúrùlérè ni ì bá ti já."

"Ìwọ ni ò bá lọ sí Tùnísíà."

"Èmi ni ǹ bá lọ. Ẹ ò sì ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé yìí."

Hameedah rò ó. "Mi ò ní bá ẹ sọ̀rọ̀," ó ní. Òtítọ́ ni.

Òjò ń rọ̀ sórí páànù. Hameedah tú bẹ́líìtì irin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gbé irin sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n. Ó gbá òpó ṣọ́ọ̀bù mú, ó dìde, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú. Ó tín-ín-rín ju ọ̀tún lọ, àpá iṣẹ́ abẹ sì gùn lára rẹ̀.

"Dì í mú."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ ni mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Dì í mú, kó o sì gbé èjìká lé e."

Ọlámipọ̀ kò lè sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé rárá. Ó fi eékún rìn wá, ó gbá orúnkún náà mú, ó gbé èjìká lé e bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nínú gbọ̀ngàn tó ń jò. Eegun méjèèjì yọ̀ lórí ara wọn. Hameedah di òpó mú títí ọwọ́ rẹ̀ fi funfun.

"Ṣé ọwọ́ ẹ gbọ́ ọ?"

"Ó gbọ́ ọ."

"Bó ṣe rí nìyẹn. Kò sóhun tó kù níbẹ̀ tó o lè bàjẹ́. Má ṣí ọwọ́."

Ọlámipọ̀ sunkún mọ́ ara ẹsẹ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ṣí.

Obìnrin kan tó ru sílíńdà dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó ń wo ẹni tó kúnlẹ̀ àti ẹni tó dúró. "Àǹtí, ṣé ẹ ṣì ń tà?"

"À ń tà, mà," Hameedah ní. "Ẹ gbé e kalẹ̀ síbẹ̀. Ẹnì kan wà níwájú yín." Ó wo ìsàlẹ̀. "Ó tó. Dìde, kó o bá mi gbé irin yẹn. Ọ̀la, tètè lọ sórí máàtì."

Ó jókòó, ó na ọwọ́, ó ṣí gáàsì.